Bí Tanganyika àti Zanzibar ṣe di Tànsáníà: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí, àti ìdáhùn mi

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Dar es Salaam lọ sí Zanzibar, mi ò mọ̀ pé wọ́n á tún béèrè pásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ mi. Bíi wákàtí méjì la lò lórí omi. Owó ṣílè tó wà lápò mi ò yí padà, èdè Swahili tí wọ́n ń sọ létí mi ò yí padà. Síbẹ̀, bí a ṣe gúnlẹ̀, ìlà gígùn kan ti ń dúró dè wá níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn gba pásípọ́ọ̀tù mi, ó ṣí i, ó wò mí lójú, ó sì lù ú lóǹtẹ̀. Ọkùnrin tó wà níwájú mi, ọmọ Mwanza lórí ilẹ̀ ńlá, náà fi káàdì rẹ̀ hàn. Mo pè é ní kaka, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀, mo ní ṣebí orílẹ̀-èdè kan náà la ṣì wà yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi dá mi lóhùn: «Muungano.» Ìṣọ̀kan.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, tí àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ sì ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lóríṣiríṣi ọ̀nà. Mo kó wọn jọ síbí.

Kí ni Muungano yìí gan-an?

Àdéhùn tí orílẹ̀-èdè méjì tó ti gba òmìnira, Tanganyika tó wà lórí ilẹ̀ ńlá Áfíríkà àti Zanzibar tó wà láàárín òkun, fi di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1964. Tanganyika àti Zanzibar ni wọ́n kọ́kọ́ so pọ̀ bí orúkọ. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gé e kúrú: wọ́n mú Tan lára ọ̀kan, wọ́n mú Zan lára èkejì, ó di Tànsáníà.

Báwo ni àwọn méjèèjì ṣe rí kí wọ́n tó dàpọ̀?

Zanzibar kì í ṣe erékùṣù kan ṣoṣo. Unguja ló tóbi jù, ibẹ̀ ni ìlú Zanzibar wà. Pemba wà lápá àríwá rẹ̀, àwọn kéékèèké mìíràn sì yí wọn ká. Sayyid Said, ọba Oman, ló kó ààfin rẹ̀ kúrò ní Muscat lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1840, nítorí owó tó wà nínú kànáfùrù àti nínú òwò ẹrú. Karafuu ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe kànáfùrù. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà ló bí orúkọ méjèèjì: tiwọn gba ojú òkun wá, tiwa gba aṣálẹ̀ wá. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí, mi ò lè rí ìyá mi kó da kànáfùrù sínú ìkòkò sobo kí n má rántí Pemba.

Ọdún 1873 ni wọ́n ti ọjà ẹrú ibẹ̀ pa. Nígbà tó di 1890, Zanzibar bọ́ sábẹ́ ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ wọ́n fi ọba sílẹ̀ lórí ìtẹ́. Tanganyika ní tirẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi gbà á lọ́wọ́ wọn, tó sì di ti Gẹ̀ẹ́sì. Tanganyika gba òmìnira lọ́jọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1961, Julius Nyerere ló ṣíwájú wọn. Zanzibar gba tirẹ̀ ní ọdún méjì àti ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1963.

Ohun tó yẹ kéèyàn fi sọ́kàn ni ìwọ̀n wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dàpọ̀, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 10 ló wà ní Tanganyika. Zanzibar ò ju nǹkan bí 300,000 lọ. Nínú ìkànìyàn ọdún 2022, gbogbo Tànsáníà jẹ́ bíi mílíọ̀nù 61.7, bíi mílíọ̀nù 1.9 ló sì wà ní Zanzibar. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àyà ará Zanzibar fi máa ń já nígbàkígbà tí wọ́n bá ní «ẹ jẹ́ ká kúkú di ọ̀kan pátápátá,» iye yẹn ni kó wò.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Zanzibar ní oṣù Kìíní ọdún 1964?

Inú ìbò oṣù Keje ọdún 1963 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Afro-Shirazi, tí Abeid Karume jẹ́ olórí rẹ̀, gba bíi 54 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìbò tí wọ́n dì. Àmọ́ bí wọ́n ṣe pín àwọn ẹkùn ìdìbò, àga 13 péré ló kàn wọ́n nínú 31. Àwọn ẹgbẹ́ méjì tó para pọ̀ mú 18 tó kù, àwọn ló sì gba ìjọba, Sultan Jamshid sì jókòó lórí wọn. Ẹ fojú inú wo ẹni tó mọ̀ pé àwọn tòun ló pọ̀ jù, tó tún rí i pé ìjọba bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́jọ́ tí àsíá òmìnira gòkè.

Ìjọba yẹn ò lò ju oṣù kan lọ. Òru mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù Kìíní, àwọn ọkùnrin bíi ọgọ́rùn-ún mélòó kan tí wọ́n kó àdá àti ọ̀kọ̀ dání ya wọ ilé ìkóhun-ìjà àwọn ọlọ́pàá. John Okello, ọmọ Ùgáńdà, ló ń pàṣẹ fún wọn lórí rédíò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìlú ti bọ́. Sultan gun ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì fàbọ̀ sí.

Ohun tó tẹ̀ lé e burú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n pa, àwọn Lárúbáwá ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ará Íńdíà náà ò sì mórí bọ́. Wọ́n lé àwọn ìdílé kúrò nínú ilé tí bàbá bàbá wọn kọ́. Inú ń bí mi nígbà tí àwọn kan bá ń pa ìtàn yìí bí ẹni pé ayẹyẹ lásán ni. Òótọ́ ni pé ìrẹ́jẹ wà, òótọ́ ni pé ẹrú ni baba ńlá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìtẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé kì í ṣe owó tí a fi ń san gbèsè bẹ́ẹ̀.

Karume di ààrẹ. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹta, wọ́n ti lé Okello fúnra rẹ̀ kúrò ní erékùṣù.

Kí ló dé tí wọ́n fi kánjú dàpọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta ààbọ̀?

Àwọn kan á sọ pé ìfẹ́ Áfíríkà ló fà á, àwọn kan á sọ pé ìbẹ̀rù ni. Ní tèmi, méjèèjì ni, ìbẹ̀rù ló sì jẹ́ kí ó yá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún Nyerere ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó ti ń wá ìṣọ̀kan kí Zanzibar tó gbiná rárá. Ní ọdún 1960, ó ti sọ ní gbangba pé òun ṣe tán láti dá òmìnira Tanganyika dúró díẹ̀ tí Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà bá lè bá wọn wọlé pa pọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1963, òun, Kenyatta ti Kẹ́ńyà àti Obote ti Ùgáńdà fọwọ́ sí ìwé ní Nairobi pé wọ́n á dá ìjọba àpapọ̀ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Ọdún parí, ìjọba àpapọ̀ ò dé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tipẹ́.

Àmọ́ ẹ wo oṣù Kìíní ọdún 1964 náà. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn ìdìtẹ̀ Zanzibar, àwọn ọmọ ogun Tanganyika fúnra wọn dìtẹ̀ nítorí owó oṣù àti nítorí pé òyìnbó ṣì ni ọ̀gá wọn. Nyerere sá pamọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lọ́jọ́ 25, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Tanganyika gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn náà ni àwọn sójà rẹ̀ wá gbà á sílẹ̀. Ìtìjú ńlá ni fún un. Ibí yìí ni Nàìjíríà ti wọ ìtàn náà: kí àwọn òyìnbó lè kúrò, Nàìjíríà rán odindi bàtálíọ̀nù kan lọ síbẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà tí ìṣọ̀kan yìí ń ṣẹlẹ̀ gan-an, sójà Nàìjíríà ló ń ṣọ́ Dar es Salaam. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀.

Lápá ibòmíràn, àwọn Amẹ́ríkà ò lè sùn. Ìjọba tuntun Zanzibar ti ń bá Ṣáínà, Rọ́ṣíà àti apá ìlà-oòrùn Jámánì ṣọ̀rẹ́. Abdulrahman Babu àti Kassim Hanga, tí ọkàn wọn wà lọ́dọ̀ àwọn kọ́múníìsì, wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba. Ní Washington, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Zanzibar fẹ́ di Kúbà Áfíríkà. Igi gánńgánrán tí kò gbọdọ̀ gún wọn lójú, òkèèrè ni wọ́n ti ń wò ó. Nyerere náà ò fẹ́ kí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà sọ ìkángun ìloro rẹ̀ di pápá ìjàkadì. Karume ní tirẹ̀ mọ̀ pé Babu lágbára ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé orí àga tí òun jókòó sí ń mì.

Ṣé Amẹ́ríkà ló wá ṣètò rẹ̀ nígbà náà?

Rárá. Inú wọn dùn sí i, wọ́n sì ti ń gbìyànjú láti jẹ́ kí Zanzibar súnmọ́ ẹni tí wọ́n lè fọkàn tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé òyìnbó ló kọ ìwé náà ń gba ọgbọ́n àti ẹ̀bi lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ni ín.

Báwo ni wọ́n ṣe fọwọ́ sí i? Ṣé wọ́n bi àwọn aráàlú?

Wọn ò bi wọ́n. Ibí yìí ni egungun tó há ní ọ̀fun ìtàn yìí wà, mo sì fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Nyerere wọ bàálù lọ sí Zanzibar lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹrin, òun àti Karume sì fọwọ́ sí àdéhùn náà lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ 25 ni ilé aṣòfin Tanganyika fọwọ́ sí i. Babu ò sí nílé. Ó wà lókè òkun nígbà tí gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ní ti Zanzibar, awuyewuye ṣì wà di òní lórí bóyá Ìgbìmọ̀ Ìyípadà, tó ń ṣèjọba Zanzibar lẹ́yìn ìdìtẹ̀, fọwọ́ sí ìwé náà bó ṣe yẹ; àwọn ọmọ Zanzibar ti gbé e lọ sí kóòtù, ó sì dé ilé-ẹjọ́ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní Arusha. Kò sí ìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní Tanganyika tàbí ní Zanzibar. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láàárín ìfọwọ́sí àti ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè tuntun bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló mọ fọ́tò kan láti ìgbà náà, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì àti sínú ìwé ọmọ ilé-ìwé. Nyerere ló dúró láàárín, ó wọ aṣọ tó mọ́ tónítóní, àwọn ọ̀dọ́ yí i ká, ó ń da erùpẹ̀ láti inú igbá sínú ohun èlò mìíràn. Erùpẹ̀ Tanganyika àti erùpẹ̀ Zanzibar ló ń pò pọ̀. Mo ti wo fọ́tò yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó dára lójú. Ó sì tún ń sọ ohun tí kò ní gbà ká gbàgbé: tí erùpẹ̀ méjì bá ti pò pọ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣà wọ́n mọ́. Èyí ni àwọn tó fẹ́ràn ìṣọ̀kan náà fi ń yangàn, ohun náà gan-an ló sì ń ba àwọn tí kò fẹ́ ẹ lẹ́rù.

Kí ló dé tí ìjọba fi jẹ́ méjì? Kí ló dé tí kò fi jẹ́ ọ̀kan, tàbí mẹ́ta?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí jù, òun ló sì díjú jù. Bó ṣe rí rèé. Ìjọba Tànsáníà wà, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan, tó tún ń bójú tó gbogbo ọ̀rọ̀ ilé Tanganyika. Ìjọba Zanzibar wà, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé Zanzibar nìkan. Tanganyika ò ní ìjọba tirẹ̀. Àbúrò ní yàrá, ẹ̀gbọ́n ò ní. Inú pálọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń sùn, pálọ̀ náà sì ni gbogbo ilé ń lò.

Nyerere ṣàlàyé ìdí rẹ̀ léraléra. Tó bá jẹ́ ìjọba kan ṣoṣo ni wọ́n dá sílẹ̀, ayé á sọ pé Tanganyika gbé Zanzibar mì, òun ò sì fẹ́ kí wọ́n pe òun ní amúnisìn. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, Tanganyika á máa ná owó lórí ìjọba tirẹ̀, á tún máa gbé ẹrù ìjọba àpapọ̀, Zanzibar ò sì ní lè san ìpín tirẹ̀ bó ṣe yẹ. Àlàyé yìí lọ́gbọ́n nínú. Àléébù rẹ̀ ni pé ìjọba Tànsáníà wá ń wọ aṣọ méjì: lójú ará Zanzibar, kò ṣeé mọ ìgbà tí ẹni tó jókòó sí Dodoma, olú ìlú Tànsáníà, ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè àti ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ fún Tanganyika.

Àwọn nǹkan wo ni ìṣọ̀kan ń bójú tó?

Àdéhùn ọdún 1964 ka nǹkan 11: òfin ìpìlẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ológun, ọlọ́pàá, ọmọ-ìlú, ìmígíréṣọ̀n, owó orí àti owó ibodè, èbúté, bàálù, ìfìwéránṣẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó di 22. Wọ́n fi owó kún un ní 1965, wọ́n fi epo rọ̀bì àti gáàsì kún un ní 1968. Ohun tó ń dun àwọn ará Zanzibar ni pé gbogbo àfikún yìí lọ sápá ibì kan náà. Ó ṣòro kí wọ́n rí ohun tí ìṣọ̀kan gbà tó dá padà, àfi epo àti gáàsì tí òfin ọdún 2015 jẹ́ kí Zanzibar máa bójú tó tirẹ̀.

Kí gan-an ni àwọn ará Zanzibar ń ráhùn lé?

Wọ́n ní orúkọ fún un: kero za Muungano, ìyọnu ìṣọ̀kan. Kò sí ìjọba tó dé tí kò ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o.

Èyí tó súnmọ́ aráàlú jù ni owó ibodè. Ní èbúté Dar es Salaam, mo rí obìnrin kan tó gbé tẹlifíṣọ̀n tuntun bọ̀ láti Zanzibar, ṣì wà nínú páálí, okùn pupa ni wọ́n fi dì í. Ó ti ní rìsíìtì lọ́wọ́ pé òun ti sanwó fún kọ́sítọ́ọ̀mù ní Zanzibar. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ní kó tún san èyí tó ṣẹ́kù. Obìnrin náà ò pariwo. Ó jókòó sórí páálí rẹ̀, ó ń ka owó lórí itan, ó ń ka, ó tún ń kà á. «Orílẹ̀-èdè kan, bodè méjì,» ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá a gbẹ́rù ń wí.

Ọ̀ràn iyì tún wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1992, Zanzibar lọ wọ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí àgbáyé, nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó jáde, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wà lára ohun ìṣọ̀kan. Inú bí àwọn aṣòfin 55 láti ilẹ̀ ńlá, wọ́n ní kí Tanganyika náà ní ìjọba tirẹ̀. Nyerere tó ti fẹ̀yìn tì ló jáde wá pa àbá náà. Ní 2008, olórí àwọn mínísítà, Mizengo Pinda, sọ nílé aṣòfin pé Zanzibar kì í ṣe orílẹ̀-èdè. Zanzibar gbóná. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ Zanzibar ṣe, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀kan nínú orílẹ̀-èdè méjì tó di Tànsáníà ni.

Ìbò ló wá ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní 1995, wọ́n kéde pé ẹni tí CCM, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, fà kalẹ̀ gba 50.2 nínú ọgọ́rùn-ún, Seif Sharif Hamad ti ẹgbẹ́ alátakò gba 49.8. Ìdajì erékùṣù ò gbà á. Lẹ́yìn ìbò ọdún 2000, àwọn èèyàn jáde wọ́de, àwọn ọlọ́pàá sì yìnbọn fún wọn ní oṣù Kìíní ọdún 2001, jù lọ ní Pemba. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó kú, ẹgbẹ̀rún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì gba òkun sá lọ sí Kẹ́ńyà. Ní 2010, lẹ́yìn tí bíi 66 nínú ọgọ́rùn-ún sọ bẹ́ẹ̀ ni nínú ìbò kan, Zanzibar gbà kí ẹgbẹ́ tó borí àti èyí tó tẹ̀ lé e máa jọ ṣèjọba. Ara tù mí nígbà yẹn. Ní 2015 wọ́n fagi lé ìbò, gbogbo rẹ̀ sì tún bàjẹ́.

Àwọn ará ilẹ̀ ńlá náà ní tiwọn: ọmọ Zanzibar lè ra ilẹ̀ ní Dar es Salaam kó sì kọ́lé sí i, ọmọ Mwanza ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Unguja. Òfin ilẹ̀ Zanzibar ló ń ṣọ́ ilẹ̀ wọn. Tí mo bá jẹ́ ọmọ erékùṣù tí kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kìlómítà oníbùú-lóòró, èmi náà á ṣọ́ ọ.

Ta ni Aboud Jumbe, kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ fi máa ń jáde?

Òun ló di ààrẹ Zanzibar lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Karume ní oṣù Kẹrin ọdún 1972. Òun náà ló gbà kí ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ti Nyerere, TANU, wọnú ara wọn lọ́jọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1977, tí wọ́n di CCM. Àwọn ọmọ Zanzibar kan ò dárí jì í fún ìyẹn títí ó fi kú, nítorí ẹgbẹ́ ló wá di okùn tí ó di méjèèjì pọ̀ ju òfin lọ. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ là. Ó fẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìjọba mẹ́ta lọ síwájú ilé-ẹjọ́ tó wà fún ọ̀ràn òfin ìpìlẹ̀. Ìwé tó ń múra sílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ju ú lọ. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Dodoma, ní òpin oṣù Kìíní ọdún 1984, ó fipò sílẹ̀. Ẹni tó ń béèrè pé kí kóòtù sọ ohun tí àdéhùn wí ni wọ́n lé lọ sílé.

Nyerere yìí kan náà ló gba Biafra mọ́ra. Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì ló ń sọ?

Ìbéèrè àwọn àgbà ilé wa nìyí, ó sì yẹ kí wọ́n béèrè. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1968, Tànsáníà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó gba Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Ẹni tó da erùpẹ̀ méjì pọ̀ ló tún ní kí Igbo lọ tí wọ́n bá fẹ́. Nyerere dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ó ní tí àwọn ará Zanzibar bá fọkàn ara wọn pinnu pé ìṣọ̀kan ń pa wọ́n lára, òun ò ní lè gbà kí wọ́n ju bọ́ǹbù lù wọ́n kí wọ́n lè dúró. Ìṣọ̀kan náà ti tán lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tó dá a bá ti yọ ọwọ́.

Mo gbà pé ó gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kò fìgbà kankan bi wọ́n ní ìbò bóyá wọ́n ṣì fẹ́, nígbà tí Jumbe sì fẹ́ béèrè, ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ parí sí nìyẹn. Wọ́n ní Karume náà máa ń sọ pé ìṣọ̀kan dà bí kóòtù tí a ń wọ̀ sọ́rùn: tó bá ń fún ọ, bọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó tíì fi ibi tí bọ́tìnnì wà hàn wọ́n.

Ṣé kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà tó gbìyànjú irú rẹ̀?

Ó wà, ó sì ti tú ká. Senegal àti Mali ìgbà náà dàpọ̀, òmìnira wọn ò sì tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi pínyà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960. Íjíbítì àti Síríà bẹ̀rẹ̀ ní 1958, ó parí ní 1961. Senegal àti Gáḿbíà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù Kejì ọdún 1982, lẹ́yìn tí sójà Senegal gba ìjọba Gáḿbíà lọ́wọ́ àwọn adìtẹ̀. Ó tú ká ní 1989. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ló ń wó o. Ti Tànsáníà ti kọjá ọgọ́ta ọdún, kì í sì ṣe ipá nìkan ló gbé e dúró: èdè Swahili kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n ti ń gbé ara wọn níyàwó láti ìgbà tí ọkọ̀ ìgbòkun ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn.

Ṣé wọn ò tíì gbìyànjú láti tún un ṣe?

Wọ́n gbìyànjú. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Joseph Warioba ṣíwájú rìn kiri gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ní 2013 wọ́n sì gbé àbá ìwé òfin jáde: ìjọba mẹ́ta, nǹkan ìṣọ̀kan 7 dípò 22. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe ṣe tààrà tó. Ní ilé àpérò tó jókòó ní 2014, àwọn CCM tó pọ̀ jù níbẹ̀ yọ ìjọba mẹ́ta kúrò, àwọn ẹgbẹ́ alátakò sì bínú jáde. Ìbò tó yẹ kí aráàlú dì lórí ìwé náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni wọ́n sún síwájú. Wọn ò tíì dì í.

Ààrẹ Samia Suluhu Hassan, ṣé ọmọ Zanzibar kọ́?

Ọmọ Zanzibar ni. Ó di ààrẹ Tànsáníà ní oṣù Kẹta ọdún 2021, lẹ́yìn ikú John Magufuli.

Ṣé Zanzibar ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀?

Ó ní, ó sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n FIFA ò kà á sí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, CAF gbà á wọlé. Àwọn ènìyàn jó. Ní oṣù Keje, wọ́n yọ ọ́ padà.

Tanganyika ńkọ́? Ibo ló wà báyìí?

Kò sí lórí àsíá, kò sí lórí owó, kò sí nínú orin orílẹ̀-èdè. Ẹ lè bá orúkọ náà pàdé lórí adágún ńlá tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn, àti lára ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ilẹ̀ ńlá, tí wọ́n ṣì ń jẹ́ Tanganyika Law Society di òní.